Èédú àti Búrẹ́dì Lórí Tábìlì Àjíkẹ́

Àbámẹ́ta, 12 oṣù Keje, 1975

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí a sin Àjíkẹ́ ìyàwó mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti padà sílé wọn, àwọn tó wá láti Latrikunda náà ti lọ. Òjò nìkan ni kò lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, kò sí ọmọ tí màá kọ́ ní àwòrán yíyà, kò sì sí ohun tó lè lé mi jáde nínú yàrá yìí.

Kí Ọmọ́ládé, àbúrò Àjíkẹ́ tó ń gbé ní Latrikunda, tó wọ ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá Bọ̀sún, ẹ má bínú sí mi. Tó bá ti di ogójì ọjọ́, màá wá kó ẹrù Sìsí."

Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọkọ kì í jogún aya, àwa méjèèjì ò sì bímọ. Àbúrò ló ni ogún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, ọ̀nà jíjìn Gambia kò yí i padà.

Nígbà tó lọ tán ni mo wo tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Bí Àjíkẹ́ ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbé e lọ sí ọsibítù náà ló ṣì wà: àgé dúdú, abọ́ tánganran funfun tí etí rẹ̀ ti họ, ife tíì rẹ̀, àti àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ oníbàárà. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Fọ́tò Àjíkẹ́ tó wà nílé kò ju mẹ́ta lọ, ó sì fajú ro nínú gbogbo wọn bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Tábìlì yìí jọ ọ́ jù wọ́n lọ. Mo fẹ́ yà á kí wọ́n tó kó o. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó kù sọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mo fi pẹ́ńsù yà á lẹ́ẹ̀mejì. Àgé jọ àgé, ife jọ ife. Ó dà bí àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo fà á ya.

Ọjọ́rú, 16

Ohun tó ń ṣe mí yé mi lónìí. Yàrá wa ṣókùnkùn, fèrèsé kan péré ló ní, inú òkùnkùn yẹn sì ni nǹkan Àjíkẹ́ ti ń yọjú sí mi. Èmi wá ń fi ìlà dúdú wá wọn lórí bébà funfun. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ní Yábàá a máa ní kí a kọ́kọ́ fi èédú kun gbogbo bébà, kí ó dúdú kanlẹ̀, kí a wá máa nu ìmọ́lẹ̀ jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, ó máa ń ba aṣọ jẹ́. Báyìí kò sí ẹni tí yóò bá mi wí nítorí aṣọ.

Àbámẹ́ta, 19

Gibril ọ̀rẹ́ mi gbé bébà wá láti èbúté. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sì sí ohun tí kò lè rí níbẹ̀ tí ó bá wá a. Bébà tó nípọn ni, inú àpótí ẹ̀rọ kan ló ti tú u, ó tẹ́jú, ó sì mú èédú dáadáa.

"Àwọn tí ìyàwó wọn kú máa ń bèèrè ìrẹsì lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ìwọ nìkan lo bèèrè bébà."

Mo ní kó máa mú ìrẹsì náà bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí títí òjò fi dá. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo gún èédú nínú odó kékeré, mo fi àkísà pa á mọ́ bébà títí funfun kankan ò fi sí níbẹ̀ mọ́. Rọ́bà ìparẹ́ mi ò sì ju eyín ọmọdé lọ. Búrẹ́dì ló kù tó lè nu èédú kúrò. Mo ra gígùn méjì lọ́wọ́ ọkùnrin Fúlà tó wà ní ìkángun òpópónà. Ó ti fowó lé e láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìyẹ̀fun ò wọlé. Mo yọ inú rẹ̀ tó rọ̀, mo fún un pọ̀ bí òkèlè, mo ń fi í tẹ bébà. Ibi tó bá ti kàn máa ń mọ́. Bí òkèlè náà bá ti dúdú, màá jù ú sílẹ̀, màá bu òmíràn.

Bí mo ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ni Haja onílé wa gbé abọ́ ìrẹsì wọlé. Ọmọ Akú ni Haja, ìran tó ti ilẹ̀ wa wá síbí láyé àtijọ́, ilé yìí ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Campama, àdúgbò wa ní Banjul, tí kò dá sí.

"Oshe ya, Bosun," ó kọ́kọ́ fi èdè Akú kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn òkèlè dúdú tó wà nílẹ̀. "Na bred dat?"

Mo ní búrẹ́dì ni. Ó bú mọ́ mi. Ó ní oúnjẹ Ọlọ́run tí àwọn èèyàn fi ń ṣe sàráà fún òkú wọn, òun ni èmi fi ń nu èédú. "Yu wef go veks," ó ní, "inú á bí ìyàwó rẹ gan-an níbi tó wà."

Mo ní Àjíkẹ́ fúnra rẹ̀ a máa fi búrẹ́dì nu ẹ̀rọ ìránṣọ. Irọ́ funfun báláú ni, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, mi ò lè jiyàn. Haja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa gbogbo òkèlè dúdú náà sínú àwo, ó ní òun á fún adìyẹ òun jẹ. Mo gbọ́ nírọ̀lẹ́ pé adìyẹ kò jẹ ẹ́.

Àìkú, 27

Omi wọ àgbàlá. Ó dé orókùn ní ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀, tiwa dúró ní ẹnu àtẹ̀gùn. Èédú mi tutù, bébà kan ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo gbé tábìlì sókè lórí búlọ́ọ̀kù láìgbé ohunkóhun tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Èmi àti Gibril la jọ gbé e, díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbé e sókè, bí ẹni ń gbé ẹyin. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí di báyìí.

Ọjọ́rú, 30

Rédíò ní àwọn sójà ti gba ìjọba nílé, ní Èkó, lánàá. Gibril sáré wá sọ fún mi bí ẹni pé ilé bàbá mi ló ń jó. Mo ní mo ti gbọ́. Ó dúró wò mí títí, ó ní, "Bosun, ilé yín náà kọ́ ni?" Ilé wa ni. Ó ti rẹ̀ mí débi pé ìjọba lè ṣubú kí n má yí ojú kúrò lára àgé.

Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹjọ

Bébà kẹta. Àgé jáde lónìí. Mi ò fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀ rárá. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo nù, ó mọ́ díẹ̀, àgé bá dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ikùn àti ẹnu. Mo jókòó, mo wò ó, inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a sin Àjíkẹ́. Abọ́ funfun ló kù, àti ife, àti àlùmọ́gàjí. Abọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá nù ún jù, ojú bébà á bó, kò ní í mú èédú mọ́. Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Wọn ò sọ fún wa pé ọrùn ẹni á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo jáde lọ wá èédú gbígbẹ. Nígbà tí mo dé, mo bá Ọmọ́ládé nínú yàrá, ó so aṣọ mọ́ àyà, ilẹ̀ ń dán.

Haja ló ránṣẹ́ pè é láti Latrikunda. Ó ní kí ó wá wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ó ti ń fi èédú kun ojú, ó sì ń bá àgé sọ̀rọ̀. Mi ò bá àgé sọ̀rọ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kí n ti bú u.

Ọmọ́ládé ṣe ohun tí obìnrin tó bá délé ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa máa ń ṣe. Ó gbálẹ̀, ó fọ aṣọ mi, ó fi eérú àti kànrìnkànrìn bó àgé títí ó fi ń kọ yànràn. Ó nu tábìlì. Ó kó ife sínú abọ́, ó gbé abọ́ lé orí àgé, ó fi àlùmọ́gàjí sínú dúrọ́ọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fi wọ́n hàn mí.

Mo pariwo mọ́ ọn. Mi ò pariwo mọ́ obìnrin nínú ilé yìí rí.

"Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?" ó ní. "Ṣé kí n kó ẹrù Sìsí lọ pẹ̀lú èéfín lára ni?"

Mo sọ fún un pé ọ̀kánjúwà ló gbé e wá ṣáájú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Ó tú aṣọ àyà rẹ̀, ó rọra ká a, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Haja. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ara ògiri.

Ọjọ́rú, 6

Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú. Mo gbé bébà dúdú náà jáde, mo fi àgé tó wà lára rẹ̀ hàn án, mo ṣàlàyé. Ó bo ẹnu. "Ẹ ò sì sọ fún mi," ó ní. Òótọ́ ni, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Gibril.

Mo gbé àgé sórí iná igi lẹ́yìnkùlé kí ó lè dúdú padà. Haja jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé àgé òfìfo yí sọ́tùn-ún sósì nínú èéfín. Mo rò pé ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ mi ti kọjá àtúnṣe.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo to tábìlì padà. Mo tún un tò. Àgé bá ti bébà mu, ìyókù ò bá nǹkan kan mu. Ó dà bí tábìlì ẹlòmíràn. Ogójì ọjọ́ ti ń kan ilẹ̀kùn. Ó rẹ̀ mí, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń wá mọ́.

Ẹtì, 8

Ọmọ́ládé gbé tíì wá fún mi, ó dúró lẹ́yìn mi.

"Bọ̀dá, ọ̀tún lẹ gbé e sí."

"Kí ni?"

"Etí ife. Àlùmọ́gàjí náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni Sìsí, tí kò bá ti sí àlejò."

Ṣé èmi ni wọ́n ń sọ fún pé ọlọ́wọ́ òsì ni Àjíkẹ́? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a jẹun. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi to nǹkan rẹ̀. Ojú tì mí.

Mo ní kó bá mi tò ó. Ó jókòó sórí àga Àjíkẹ́, ó pa ojú dé, ó na ọwọ́ òsì síwájú bí ẹni tó fẹ́ mu tíì. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ni mo gbé ife sí. Ó ṣe bí ẹni ń gé aṣọ, ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀ láìwò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídé. Ó ní nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Màmá a máa fi gèlè di ọwọ́ òsì Àjíkẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, kí ó má baà dàgbà di ẹni tí yóò máa na òsì sí àgbà. Ọbẹ̀ á máa dà sí i láyà. Òun tóun kéré lòun máa ń bu òkèlè sí i lẹ́nu tí Màmá bá yíjú.

Àjíkẹ́ ò sọ ìyẹn fún mi rí.

Nígbà tí Ọmọ́ládé dìde, mo wo tábìlì. Òun gan-an nìyẹn.

Àìkú, 10

Mo nu abọ́ jáde. Funfun rẹ̀ yọ dáadáa, mo dúró níbi tó yẹ kí n dúró. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 11

Ife. Èjìká mi ò ṣeé gbé sókè mọ́.

Ọjọ́rú, 13

Ó ti parí. Àlùmọ́gàjí ni mo fi kádìí rẹ̀, mo gé búrẹ́dì ṣóńṣó, mo fi fa ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan sí ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀. Mo gbé bébà náà ti ògiri, mo sì sún sẹ́yìn. Bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ wo oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ló rí. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó èyí rí, ó sì dá mi lójú pé mi ò ní í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo sùn sórí àga.

Àbámẹ́ta, 16

A ṣe ogójì, a sún un sí Àbámẹ́ta. Haja ló se oúnjẹ, kò gbà kí n fi kọ́bọ̀ sí i. Awujọ ni wọ́n ń pè é níbí, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹ́. Wọ́n tún bu díẹ̀ sílẹ̀ fún òkú. Lẹ́yìn náà Ọmọ́ládé kó ẹrù. Ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, aṣọ lọ, àgé lọ, abọ́, ife, àlùmọ́gàjí. Mo bá a di àpótí. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mo fi aṣọ bò.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Mo ṣí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ lọ kí Màmá nílé."

Mo ní mo ti gbọ́.

"Wọn ò wá sìnkú. Òbí kì í dé ibi sàréè ọmọ. Nínú gbogbo ẹrù tí a dì yìí, wọn ò lè mú ṣíbí kan. Ẹrù ọmọ kì í wọlé òbí. Ọwọ́ òfìfo ni màá bá wọlé tọ̀ wọ́n." Ó tọ́ka sí bébà náà. "Èyí kì í ṣe ẹrù Sìsí. Ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Ó yé mi kí ó tó parí rẹ̀. Mo ní màá ya òmíràn fún Màmá.

"Kí lẹ máa wò yà á?" ó ní.

Mo wo tábìlì. Pákó lásán ni.

Mo ní kó fún mi láyè.

Àìkú, 17

Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí Ọmọ́ládé, sí Màmá, sí gbogbo àṣà tó ní kí n má mú nǹkan kan. Mo ti kun, mo ti nù, mo ti gbé tábìlì gun búlọ́ọ̀kù nítorí omi. Ṣé ó pọ̀ jù kí ènìyàn ní bébà kan? Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ láti sọ fún un. Ìgbà tó wọlé, tí ó kúnlẹ̀ kí mi, mo gbàgbé ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mo gbé e fún un. Mi ò lè ṣíwọ́ ríronú nípa obìnrin àgbà tó jókòó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n kàn sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

Kò sí oògùn tí a fi ń mú èédú lẹ̀ mọ́ bébà ní gbogbo Banjul. Mo fi aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, mo fi pákó pẹlẹbẹ méjì há a láàárín, mo dì í. Mo sọ fún Ọmọ́ládé, mo tún un sọ: kí ó gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n fi gíláàsì sí i lọ́gán tó bá délé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Eruku lásán ló wà lórí rẹ̀. Gibril bá a wá àyè nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó ní ti ojú omi ò ṣeé gbà, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì ti dí ẹnu èbúté Èkó.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ó ti lọ. Òjò ń rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹsàn-án

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń ya àpótí. Ohùn mi ò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ sọ̀rọ̀ sókè." Haja ń gbé oúnjẹ wá, mò ń jẹ ẹ́. Ìrẹsì ti wọ́n sí i.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹwàá

Ọmọ́ládé dé. Ó wá tààrà láti pápákọ̀, kò tíì dé Latrikunda. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde nígbà tí mo ní kí ó dìde.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ó ti bàjẹ́."

Mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi.

Ó ní òun tú u fún Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ tí òun dé, kí òun tó wá onígíláàsì. Màmá wò ó títí. Kò bèèrè pé kí ni. Ó ní, "Àjíkẹ́ ló jókòó síbí," ó sì na ọwọ́ síwájú. Ọmọ́ládé ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé Bọ̀dá kìlọ̀. Màmá ò tilẹ̀ gbọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó gbé e sórí itan, ó ń pa á bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé àtùpà wá, bébà ti di àwọ̀ eérú kan náà látòkè délẹ̀, kò sí àgé, kò sí abọ́, kò sí ife. Ọwọ́ Màmá dúdú dé ọrùn ọwọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun láti fọ̀ ọ́, ó sì sùn pẹ̀lú rẹ̀.

Mo wá ìbínú nínú ara mi, mi ò rí i.

"Ó ní kí n kí yín," Ọmọ́ládé ní. "Ó ní ẹ ṣeun. Ó ní wọ́n ti sin ọmọ òun kí òun tó gbọ́, ṣùgbọ́n òun náà ti wá fọwọ́ kàn án."

Mo sunkún níwájú rẹ̀. Mi ò tíì sunkún láti oṣù Keje. Ó jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí mo fi dákẹ́, Haja sì gbé omi wá fún àwa méjèèjì láìbèèrè nǹkan kan.